Tẹlifíṣọ̀n Tuntun tí Mo Gbé fún Bàbá Làmídì

Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé Bàbá Làmídì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ síwájú rẹ̀, orí ìkúnlẹ̀ ni mo sì wà nígbà tí mo ń gbé e kalẹ̀. Bí ẹ bá rí mi lọ́jọ́ náà, ẹ ó ní ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Ilé géèmù ni mo ní nígbà náà ní Treichville, lẹ́yìn ọjà ńlá, nínú àgbàlá tí wọ́n bí mi sí. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, òwò ló gbé e dé Abidjan. Ìyá mi ń ta aṣọ nínú ọjà. Wọ́n rán mi ní ilé-ìwé Faransé kí n lè jókòó sí ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì kò fi ojú rere wò mí. Ní ọdún 2000, mo kó ẹ̀rọ géèmù kan, tẹlifíṣọ̀n kan àti bẹ́ǹṣì méjì sínú yàrá tí bàbá mi ń kó ẹrù sí kó tó kú, mo kọ “Salle de jeux”, ìyẹn ilé géèmù, sára ilẹ̀kùn, mo bá jókòó de oníbàárà.

Ìyá mi dé, ó wo yàrá náà yíká. “Sídí, ṣé eré lo wá fẹ́ máa tà?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi.”

Ó ní, “Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ta eré, kó má fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣeré o.”

N kò fi ṣeré. Láàárín oṣù méjì mo ti mọ ohun tí mànẹ́ẹ̀tì ń fẹ́. Mànẹ́ẹ̀tì ni ohun tí ẹni tó ń gbá géèmù ń dì mú lọ́wọ́ méjèèjì, tó ń tẹ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń tú u, bí wọ́n ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ inú rẹ̀, àti bí mo ṣe lè mọ oníbàárà tó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ díńdín tán láìfọwọ́, láti ara bọ́tìnì tó lẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, àwọn awakọ̀ tó ń sinmi, gbogbo wọn ló ń wá. Mo máa ń lé wọn jáde lọ fọwọ́. Wọ́n ń ráhùn, ṣùgbọ́n wọ́n ń lọ.

Ìṣòro tó tóbi jù ni tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo yẹn. Ènìyàn méjì ló ń gbá géèmù, mẹ́wàá ló ń wòran, gbogbo orí wọn á sì papọ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́ nínú omi ẹrẹ̀. Èyí tó tún burú ni géèmù ogun. Nínú géèmù ogun, ojú tẹlifíṣọ̀n máa ń pín sí méjì: òkè tìrẹ, ìsàlẹ̀ tèmi. Bí o bá sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri, mo kàn máa gbójú sókè wo ibi tí o wà ni. Ojoojúmọ́ ni ìjà: “O wo tèmi!” “Ta ló wo tìẹ? Ṣé ojú mi ni kí n fọ́?”

Mo wá lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe, ó bá mi ṣe wáyà olórí méjì. Wáyà yẹn a máa mú àwòrán kan náà láti inú ẹ̀rọ lọ sí tẹlifíṣọ̀n méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ra tẹlifíṣọ̀n kékeré kejì, mo jẹ́ kí àwọn méjèèjì kọ ẹ̀yìn síra wọn lórí tábìlì gígùn ní àárín yàrá, mo sì gé páálí, mo fi bo ìdajì ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wà níhìn-ín ń rí tirẹ̀, ẹni tó wà lọ́hùn-ún ń rí tirẹ̀. Bó bá jẹ́ géèmù bọ́ọ̀lù, tí ojú rẹ̀ kì í pín, a á yọ páálí náà. Ìjà tán. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ti àdúgbò Marcory wá sọ́dọ̀ mi nítorí páálí, bẹ́ẹ̀ òògùn kankan kò sí níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló fẹ́ràn rẹ̀ o. Àwọn kan ní tẹlifíṣọ̀n kejì ti ba eré jẹ́, pé bí èjìká ẹni kò bá kan èjìká ẹni tí à ń nà, kí ni adùn rẹ̀? Àwọn mìíràn ní àwọn kò ní padà sí ti àtijọ́ mọ́ láéláé. Wọ́n á jiyàn títí tí àádùn tí wọ́n ń jẹ á fi tán. Èmi kò dá sí i, nítorí ẹni tó ń jiyàn kò kúkú lọ sí ilé géèmù mìíràn.

Mànẹ́ẹ̀tì ló mú Bàbá Làmídì wọ ilé géèmù mi. Aláàgo ni. Ní etí ọjà Treichville ló ní tábìlì rẹ̀, ìwọ̀n tí apá rẹ̀ lè nà dé, ó sì ti ń tún aago ṣe níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ọjọ́ kan ni sípíríǹgì tíńtín kan já nínú mànẹ́ẹ̀tì kan, mo gbé e lọ bá a. Ó fi dígí aláàgo sójú, ó tún un ṣe, ó wá dì í mú wò.

“Kí ni wọ́n ń fi èyí ṣe, Sídí?”

“Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń fi gbá, Bàbá.”

“Pẹ̀lú ọwọ́?” Ó rẹ́rìn-ín. “Màá wá wò ó.”

Ó wá lẹ́yìn ìrun alásárì. Ó jókòó, ó wo eré mẹ́ta, ó ní kí wọ́n fún òun náà. Wọ́n nà án bí aṣọ òfì. Lọ́jọ́ kejì ó tún wá. Ó di pé lójoojúmọ́, lẹ́yìn alásárì, Bàbá Làmídì á gbá eré kan ṣoṣo, á sì padà sídìí tábìlì rẹ̀. Bó ṣe ń tún aago ṣe náà ló ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù: kì í kánjú, á jẹ́ kí o sáré títí tí wàá fi sún mọ́ ọn, á wá yọ bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ bí ẹni yọ ẹ̀gún. Nígbà tó fi máa pé ọdún mẹ́ta, ènìyàn kan ṣoṣo ló kù tó lè kojú rẹ̀, Koffi ni.

Ọmọ Baoulé ni Koffi, ṣùgbọ́n àgbàlá wa ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì dán ju ti àwọn ọmọ wa mìíràn lọ. Gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń lọ sí Adjamé, ló ń wà. Bó bá ti já èrò tán ní ọ̀sán, á tọ̀ wá wá pẹ̀lú ariwo, á máa fi Faransé pe Bàbá Làmídì ní bàbá àgbà. “Vieux père, mo ti dé o! Ẹ di sòkòtò yín dáadáa!” Bàbá á dá a lóhùn pé, “Jókòó, ọmọ. Ẹnu kò mọ bọ́ọ̀lù gbá.” Bí èyí bá nà lónìí, ìyẹn á nà lọ́la. Gbogbo àgbàlá ló ń fi eré wọn yọ̀.

Ní ọdún 2008 ni mo ra tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ, ní Zone 4. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní àdúgbò wa. Ó fẹ̀, ó tẹ́, ó mọ́lẹ̀ kedere. Mo yọ tẹlifíṣọ̀n kékeré kúrò, mo gbé tuntun sí ipò rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó nípọn lẹ́yìn, tó yọ ikùn síta bí aboyún, wà ní ẹ̀yìn tábìlì lọ́hùn-ún. Oníkùn ni a ń pè é.

Ta ni yóò jókòó sídìí tuntun? Ìbéèrè yẹn kò tilẹ̀ wáyé. Ìyá mi ní, “Àgbà ni kó kọ́kọ́ lò ó.” Mo gbé àga onítìmùtìmù síwájú tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ, mo kúnlẹ̀, mo ní, “Bàbá, tiyín nìyí. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà á mọ́ yín lọ́wọ́ bí ẹ bá ti dé.” Inú rẹ̀ dùn, ó súre fún mi. Koffi lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó kojú sí Oníkùn.

Koffi gbá góòlù mẹ́rin wọlé lọ́jọ́ náà. Bàbá kò rí ọ̀kan gbá. Ó ní ojú òun kò tíì mọ́ tuntun náà lára ni. A gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, góòlù mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ kejì, kò tíì borí lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà tó gbà ń pàdánù ló ń dùn mí. Bó bá fẹ́ yọ bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ Koffi bó ṣe máa ń ṣe, bọ́ọ̀lù á ti lọ, ẹsẹ̀ ènìyàn ló máa gbá. Rẹfirí á fun fèrè, á fa káàdì pupa yọ. Koffi á máa rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún: “Vieux père, ẹ̀ ń ṣá àwọn ọmọ mi lẹ́sẹ̀!” Nígbà tó yá, Koffi náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, “Bàbá gbìyànjú.” Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí wọ́n bá ti ń sọ fún àgbà pé ó gbìyànjú, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Èmi gan-an sọ tèmi. Mo ní, “Bàbá, ẹ ò ṣe sinmi díẹ̀? Bóyá ó ti rẹ̀ yín ni.” Bí mo bá rántí gbólóhùn yẹn, ojú ṣì máa ń tì mí.

Ó sinmi lóòótọ́. Kò wá fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ìyá mi ti ọjà dé, kò tilẹ̀ tíì sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ tó ti ń pè mí.

“Sídí! Ǹjẹ́ o gbọ́ pé Làmídì dá aago padà fún oníbàárà lónìí? Ó ní ọwọ́ òun kò tó o mọ́.”

Mo sáré lọ sídìí tábìlì rẹ̀. Ó jókòó, ó káwọ́ lẹ́rán. Kò sí aago kankan níwájú rẹ̀.

“Bàbá, kí ló dé?”

Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n. “Sídí, ìwọ náà rí i. Bí mo bá tẹ nǹkan yẹn, ó ń pẹ́ kó tó lọ. Mo mọ ìgbà tó yẹ kí n tẹ̀ ẹ́, mo sì ń tẹ̀ ẹ́. Orí mi ń sọ fún ọwọ́, ọwọ́ ni kò tètè gbọ́ mọ́. Sípíríǹgì tó rí bí irun nínú aago kò fẹ́ ọwọ́ tó ń pẹ́. Bí mo bá ba aago ẹlòmíràn jẹ́, kí ni màá sọ?”

“Ẹ ti ba aago ẹnikẹ́ni jẹ́ bí?”

“Ṣé kí n dúró dìgbà tí mo bá bà á jẹ́ ni?”

Ó ní aláàgo kan ń bọ̀ láti Adjamé ní Ọjọ́bọ̀ láti wá kó irinṣẹ́ òun. Ní ọjọ́ Ẹtì, òun yóò wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, òun kò sì ní padà. Ọkùnrin tó ti lo ogójì ọdún nídìí tábìlì kan, géèmù mi ló wá lé e dìde.

Òjò àrọ̀ọ̀dá rọ̀ ní Ọjọ́rú, òrùlé sì ń jò sí apá ibi tí tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ wà. Mo sáré gbé e kúrò, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Oníkùn, kí omi má baà wọ̀ ọ́. Nígbà tí òjò dá, mo nu gbogbo wáyà, mo tan ẹ̀rọ láti wò ó bóyá kò bàjẹ́. Láti ìgbà tí mo ti rà á, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí ojú àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn, nítorí ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń kọ síra wọn.

Géèmù náà ń fi bọ́ọ̀lù ṣeré fúnra rẹ̀ kí ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n nínú Oníkùn. Ó wá wọ àwọ̀n nínú pẹlẹbẹ. Mo nu ojú mi. Ó tún ṣẹlẹ̀. Mo mú mànẹ́ẹ̀tì, mo tẹ bọ́tìnì: bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ ni ọmọ inú Oníkùn gbá bọ́ọ̀lù, ọmọ inú pẹlẹbẹ kọ́kọ́ dúró ná, kó tó gbá a. Kò ju ìgbà tí ojú fi ń ṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀lù, ìyẹn tó láti fi gbá ẹsẹ̀ ènìyàn dípò bọ́ọ̀lù.

Mo bú tẹlifíṣọ̀n yẹn bí ẹni ń bú orogún. Lẹ́yìn náà mo bú ara mi.

Koffi ló kọ́kọ́ wọlé, mo fi hàn án. Ó tẹ mànẹ́ẹ̀tì náà bí ìgbà mẹ́wàá. Ó ti sọ fún gbogbo awakọ̀ ní ibùdókọ̀ Adjamé pé òun ti fi Bàbá ṣe ọmọ ilé-ìwé.

“Donc, Tantie,” ó ní, bó ṣe máa ń pè mí bí àǹtí rẹ̀, “kì í ṣe èmi ni mo ń nà á?”

“Ìwọ náà wà níbẹ̀, Koffi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ nìkan.”

Ó mí kanlẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí a lọ pè é.”

Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ọgbọ́n ṣe é. Nígbà tí Bàbá dé, lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀bẹ̀, mo ní, “Bàbá, ẹ jókòó síwájú Oníkùn lónìí.” Ó wo bẹ́ǹṣì náà, ó wo àga onítìmùtìmù tirẹ̀.

“Ṣé wọ́n ti gba ìjókòó àgbà lọ́wọ́ mi náà ni?”

Mo bá kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ti rí. Ó gbọ́ mi tán, ó fi ọwọ́ kàn mí lórí. “O ṣeun, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń tu arúgbó nínú nìyẹn. Dìde.” Ó ti kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

“Vieux père, kì í ṣe irọ́!” Koffi dí i lọ́nà. “Tẹlifíṣọ̀n méjèèjì dẹ̀ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ kàn wò ó, lẹ́ẹ̀kan péré. Pardon.”

Ó padà nítorí ẹ̀bẹ̀ yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ eré. Mo rò pé bọ́ọ̀lù ló máa wò, àmọ́ kò tilẹ̀ wo bọ́ọ̀lù. Ní igun òkè ojú tẹlifíṣọ̀n, aago kékeré kan wà tó ń ka àkókò eré. Láti ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yẹn, n kò wò ó rí. Bàbá Làmídì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbé ojú láti orí èyí sórí ìyẹn.

“Koffi, dá a dúró. Tún un bẹ̀rẹ̀.”

Koffi tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó nàró, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà sí ohùn tó fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀.

“Aago yìí kò bàjẹ́,” ó ní, ó nawọ́ sí pẹlẹbẹ. “Kò yára, kò falẹ̀. Bí wọ́n ṣe jọ ń lọ náà ni wọ́n jọ ń lọ. Wọ́n kàn yí i sẹ́yìn díẹ̀ ni.”

Oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nígbà tó yá, pé irú tuntun yẹn a máa kọ́kọ́ tún àwòrán ṣe kó tó gbé e jáde, bí ẹni tó ń lọ aṣọ kó tó wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá kò dúró de àlàyé yẹn. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú Oníkùn, ó fi ọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. “Wá jókòó níbí, Koffi.”

Èjìká wọn kan ara wọn. Mo ṣẹ́jú sí Koffi pé kó jẹ́ kí Bàbá borí, lónìí yìí nìkan. Koffi rí mi, ó gbójú kúrò. Eré náà gbóná! Bàbá yọ bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ wọn bíi ti tẹ́lẹ̀, fèrè kankan kò dún. Ó gbá ọ̀kan wọlé, Koffi dá a padà. Ó gbá ìkejì, Koffi tún dá a padà. Ó ku díẹ̀ kí eré parí ni Koffi gbá ìkẹta wọlé.

Mo ní ó ti tán, mo ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Bàbá gbé mànẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ó nà mí! Ẹ rí i? Mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ. Mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ! Ọmọ yìí ló nà mí, kì í ṣe ọwọ́ mi.” Ó dìde. “Ta ló mọ ilé ọkùnrin tí mo dá aago rẹ̀ padà? Ẹ ní kó gbé e wá kíákíá.”

Nígbà tí aláàgo Adjamé dé ní Ọjọ́bọ̀, ó bá a tó fi dígí sójú, tó tẹrí mọ́ iṣẹ́. Wọ́n jọ mu tíì, ọkùnrin náà sì padà lọ lọ́wọ́ òfo. Kí Bàbá tó jẹ́ kí n lọ lọ́jọ́ náà, ó ní, “Sídí, o kò ṣẹ̀ mí o. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn tí o bá fẹ́ bu ọlá fún mi, kọ́kọ́ bi mí.”

Mo fi tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ kọ́ sára ògiri fún àwọn òǹwòran, nítorí ẹni tó ń wòran kò pàdánù nǹkan kan bí àwòrán bá pẹ́ díẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n kékeré padà sẹ́yìn Oníkùn. Bí ènìyàn bá bi mí títí di òní bóyá tẹlifíṣọ̀n kejì ń ṣe eré láǹfààní tàbí ó ń bà á jẹ́, ohun tí mo máa ń sọ ni pé, gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí o tó pín wọn fún ènìyàn.

Ní ọdún 2011, lẹ́yìn wàhálà ìbò àti ogun tó dé bá ìlú, mo ti ilé géèmù náà pa, mo bọ́ sídìí aṣọ pẹ̀lú ìyá mi. Mo pín ẹrù. Fún Bàbá Làmídì, mo ti mọ ohun tó tọ́ sí i. Mo ní kí Koffi bá mi gbé Oníkùn dé etí tábìlì rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni mo rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo bá kúnlẹ̀.

“Bàbá, Oníkùn ni mo fẹ́ fún yín. Ṣé ẹ fẹ́ ẹ?”

Ó yọ dígí kúrò lójú. Ó wo Oníkùn, ó wo Koffi tí òógùn bò.

“Rárá o,” ó ní. “Èyí tó pẹlẹbẹ yẹn ni kí o gbé wá. Ìròyìn ni mo fẹ́ máa fi wò. Ìròyìn ìlú yìí, bó bá pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo fara mọ́ ọn.”